Ilẹ̀ Ló Ń Gbé Ẹṣin

Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Kò sẹ́ni tó lè já wọn ní koro lórí ìyẹn. Àmọ́ ohun kan wà tí àti ti iwájú àti ti ẹ̀yìn jọ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀. Bí ẹṣin bá gba ipò kìíní, wọ́n á kókìkí ẹṣin, wọ́n á gbé ẹni tó gùn ún sọ́rùn, wọ́n á bá olówó rẹ̀ ya fọ́tò. Ta ló máa ń bi onípápá pé irú koríko wo lo gbìn síbẹ̀? Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé láti abẹ́ ẹsẹ̀ ni ìtayọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó dára, kó má yára wo ẹwà rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ kankan kò tíì kàn án. Kó dúró kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán, kó wá wò ó.

Ẹnì kan lè ní kí ló kan ará Ìjerò, Aràmọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè nínú eré ẹṣin. Ìbéèrè gidi ni, torí ilẹ̀ tiwa kì í ṣe ilẹ̀ ẹṣin. Òkè lórí òkè, igbó lórí igbó. Eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀, tí òyìnbó ń pè ní tsetse, sì ń kó àìsàn pa ẹṣin níbi tí igbó bá ti dí. Síbẹ̀, ẹṣin wà láàfin wa. Ẹni tó bá mọ ààfin Aláayè ti Ẹ̀fọ̀n á ti gbọ́ nípa Agbonbiofe Adeshina, àgbà agbẹ́gilére tó kú ní 1945. Nínú iṣẹ́ ọwọ́ irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀, kò ṣòro láti rí ìyá ọlọ́mọ, kò sì ṣòro láti rí ẹlẹ́ṣin. Ẹ wo ẹlẹ́ṣin orí òpó ààfin dáadáa: ọ̀gá ló tóbi, tó jókòó gbọingbọin, ẹṣin sì kéré lábẹ́ rẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Agbẹ́gilére mọ ohun tó ń ṣe. Ọlá ẹni tó gùn ún ló ń gbẹ́, kì í ṣe ìwọ̀n ẹran. Àmọ́ kó tó gbẹ́ ọlá yẹn, ó ti kọ́kọ́ yan igi. Igi tí ikán kò ní tètè rí jẹ ni òpó ààfin ń fẹ́. Ìfaradà ló ṣíwájú, ẹwà ló tẹ̀ lé e.

Ìtàn náà jẹ́rìí sí i. Òwe kan ní eré tí ajá fi ogún ọdún sá, ìrìn fàájì ni fún ẹṣin. Bẹ́ẹ̀ ni, níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ẹṣin wà lára ohun tí Ọ̀yọ́ Ilé fi ṣe ọ̀gá lórí ọ̀pọ̀ ìlú. Ẹṣin náà ni àwọn ọmọ ogun Ìlọrin gùn wá sí Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, tí àwọn Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn, tí ọ̀nà àtiwọ inú igbó gúúsù sì dí mọ́ wọn. Nígbà tí ogun Kírìjì wá dé, láti 1877 títí di 1893, tí Fábùnmi Òkè-Mẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé Iléṣà wà nídìí Èkìtì Parapọ̀, ìbọn àti òkè ló sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Pátákò mẹ́rin tí ẹṣin ní l'Ọ́yọ̀ọ́ náà ló gbé dé ilẹ̀ olókè. Ilẹ̀ ló yí padà. Bí ẹ bá rí akọni kan tó ń yọ̀ ṣubú, ẹ má tètè bú u. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ní kó dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹrù tí pápá eré ẹṣin ń rù. Ẹṣin eré tó dàgbà lè tó kílò 500. Bó bá ń sáré àsápajúdé, ó lè máa sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ìgbà kan sì wà nínú ìṣísẹ̀ rẹ̀ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló kanlẹ̀. Ohun tó ń wà lórí ẹsẹ̀ kan yẹn lè tó ìlọ́po méjì àbọ̀ ìwọ̀n ẹṣin náà. Kì í sì í ṣe pé ó kàn ń tẹlẹ̀: ó ń gún un, ó ń fi etí pátákò họ ọ́ sẹ́yìn. Ẹ wá sọ ọ́ di ẹṣin méjìlá, kí wọ́n sá eré mẹ́fà lọ́jọ́ kan. Bí ilẹ̀ bá le jù, eegun ẹsẹ̀ ẹṣin wà nínú ewu. Bó bá rọ̀ jù, ẹsẹ̀ á máa rì, iṣan á fà. Bó bá le níhìn-ín tó sì rọ̀ lọ́hùn-ún, ìyẹn ló burú jù, torí ẹṣin á gbẹ́kẹ̀ lé ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́, ìkejì á dalẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ koríko ni kó gba ẹsẹ̀ náà ní ìrọ̀rùn, kí gbòǹgbò rẹ̀ sì di ilẹ̀ mú kó má fọ́n ká.

Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í fi ojú lásán yan koríko pápá. Nígbà òjò, kò sí koríko tí kò tutù yọ̀yọ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ̀ẹ̀rùn àti ẹsẹ̀ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ mú gbégi. Kò sí ọmọ Èkìtì tí kò mọ̀ ọ́n lójú, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Òun ló ń hù lójú ọ̀nà àárín ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, lẹ́bàá ilé ìdáná, níbi tí ẹsẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ títí tó fi ki, tí koríko mìíràn kò rí ibi wọlé. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ìdí rẹ̀ funfun, ara rẹ̀ yi. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan dì í mú, ẹ óò fi ìkejì kún un. Bí ẹ bá fà á tagbáratagbára, ewé á já sí yín lọ́wọ́, ìdí á wà nílẹ̀. Ẹni tó bá rí i á ní koríko tí à ń wá nìyí. Àmọ́ onípápá á ní kí wọ́n tu ú dànù. Kí ló dé? Gbégi kì í rá. Ojú kan ló dúró sí, ojú kan náà ló mọ. Bí pátákò bá hú u, ihò ló ń fi sílẹ̀. Kò ní ẹ̀ka tí yóò rán lọ dí i. Koríko ọlọ́dún kan sì tún ni: á so, á gbẹ, á fi ilẹ̀ sílẹ̀ gbalasa. Ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n líle rẹ̀ kò kọjá orí ara rẹ̀. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà láwùjọ. Kò sẹ́ni tó lè ṣí wọn nídìí, a sì ń pe agídí wọn ní ìdúróṣinṣin. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ̀yìn tì la tó ń mọ̀ pé wọn kò kọ́ ẹnì kan ṣoṣo níṣẹ́ tí wọ́n ṣe.

Òmíràn wà tí à ń gbìn síwájú òtẹ́ẹ̀lì àti ọ́fíìsì ìjọba, èyí tí wọ́n ń pè ní kápẹ́ẹ̀tì gráàsì. Ewé rẹ̀ gbòòrò, ó dùn ún wò, kò sì kọ ibòji. Ẹni tó bá ń rìn jẹ́jẹ́ kọjá lórí rẹ̀ á yìn ín. Àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn. Ọ̀dá díẹ̀, ó ti rọ. Ẹsẹ̀ tó wúwo díẹ̀, ó ti ṣí kúrò lójú ilẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn koríko yìí, torí kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n gbé òun lọ sábẹ́ ẹṣin. Ẹni tó gbé e lọ síbẹ̀ nítorí pé ojú rẹ̀ fani mọ́ra ló jẹ̀bi.

Èyí tí ọ̀pọ̀ onípápá ilẹ̀ gbígbóná fọkàn tán ni Bermuda. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tàn yín jẹ. Koríko Áfíríkà ni, ó sì ń hù létí títì wa láìsí ẹni tó gbìn ín. Ewé rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ̀ka rẹ̀ ń rá lórí ilẹ̀ bí ìtàkùn ọ̀dùnkún, oríkèé tó bá fara kan ilẹ̀ á ta gbòǹgbò. Àwọn ẹ̀ka mìíràn ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ, níbi tí pátákò kì í tètè dé. Ẹ fi àdá gé ẹ̀ka rẹ̀ kan sí mẹ́ta, kí oríkèé wà lára ìkọ̀ọ̀kan, ẹ tì í bọlẹ̀ nígbà òjò: koríko mẹ́ta lẹ ní. Bí ẹṣin bá hú u láàárín, ti ọ̀tún àti ti òsì á rá wá pàdé, wọ́n á dí ojú egbò náà. Bí ọ̀dá bá dé, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ ó rò pé ó ti kú; òjò kan, òjò méjì, ó ti yọ. Ó ní àléébù tirẹ̀, torí kò fẹ́ ibòji rárá. Ẹ gbìn ín sábẹ́ igi ńlá, kò ní í pẹ́ tí yóò fi pòórá. Ìta gbangba, nínú oòrùn, ni iyì rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Koríko tó tayọ kì í ṣe èyí tí kì í ya. Kò sí koríko tí pátákò ẹṣin kì í ya. Èyí tó tayọ ni èyí tó ń san padà kí eré mìíràn tó dé. A ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ wa pé ẹni tó mọṣẹ́ ni ẹni tí kì í ṣubú, ìyẹn ló fà á tí ọmọ tó bá gba òdo lẹ́ẹ̀kan fi ń sá fún ìṣirò títí ayé. Àwọn baba wa kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí ẹṣin bá dáni, à á tún un gùn ni. Wọn kò sọ pé ẹṣin kì í dáni. Ìgbẹ̀yìn lalayò ń ta. Ẹni tó bá ń ka ọmọ ayò nígbà tí eré kò tíì dé ìdajì, ariwo lásán ló ń pa.

Ayé ti mọ ìwúlò koríko yìí tipẹ́. Ní pápá Sha Tin ní Hong Kong, tí wọ́n ṣí ní 1978, Bermuda ló wà nílẹ̀. Bí òtútù bá dé tí kò hù mọ́, wọ́n á fọ́n irúgbìn ryegrass lé e lórí kí ilẹ̀ má bàa wà níhòòhò. Ní Australia, ọ̀pọ̀ pápá eré ẹṣin ló gbójú lé kikuyu, koríko ilẹ̀ olókè ìlà oòrùn Áfíríkà, tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀yà kan ní Kenya. Ní England, níbi tí Ọbabìnrin Anne ti dá pápá Ascot sílẹ̀ ní 1711, ryegrass ni wọ́n fẹ́ràn jù, torí òtútù ibẹ̀ bá a lára mu. Ẹ ò rí nǹkan? Koríko tí ewúrẹ́ wa ń jẹ létí títì ló ń gbé ẹṣin tí owó rẹ̀ ju ti ilé alájà mẹ́ta lọ. Síbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé kí á lọ kó kikuyu wá sí Ìjerò: òkè tó tutù ló ti wá, ooru tiwa kò yẹ ẹ́. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ohun tó gbayì ní Sydney lè di ẹ̀tẹ́ lẹ́bàá Ìkọ̀gọ̀sì, ẹni tó bá ń kó àwòkọ́ṣe wálé láìbi ilẹ̀ léèrè á ra irúgbìn lọ́dọọdún.

Yíyan nìkan kò sì tó. Lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, kí ariwo èrò tó rọlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ pápá á ti tò sórí ilẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀kì àti garawa. Wọ́n á máa lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á dá bùlọ́kù koríko tí pátákò hú padà sójú ihò rẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á bu iyanrìn àti irúgbìn sí èyí tó bá ti fọ́ kọjá àtúnṣe. Kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Nínú eré pólò, àṣà dáadáa kan wà: láàárín eré, àwọn òǹwòran, olówó àti tálákà, máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti bá wọn fi bàtà tẹ koríko náà padà. Ó wù mí kí irú àṣà bẹ́ẹ̀ wọ inú ayé wa, kí ẹni tó gbádùn iṣẹ́ kan sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn tún ibi tó bàjẹ́ ṣe. Àwọn onípápá tún máa ń sún ọgbà tó pààlà ojú ìsáré, lónìí síwá, lọ́la sẹ́yìn, kí ojú ilẹ̀ kan má bàa máa jìyà nígbà gbogbo. Koríko tó le jù láyé, bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ láìfún un ní ìsinmi, á kú. Ọ̀gá tó ní òṣìṣẹ́ kan tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, tó wá ń kó gbogbo iṣẹ́ lé e lórí torí pé kì í ráhùn, kí ó rántí èyí.

Ọ̀nà tí àwa fi ń bá koríko lò yàtọ̀. Nílé ẹ̀kọ́ ní Aràmọ̀kọ tàbí Ẹ̀fọ̀n, ìgbà wo ni ọmọ máa ń kọ́kọ́ bá koríko pàdé? Ọjọ́ tó bá pẹ́ dé ni. Tíṣà á fi ìgbésẹ̀ wọn ilẹ̀ fún un, á ní pọ́ṣọ̀n rẹ nìyí. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀, á máa fi àdá gé e, ọwọ́ á bó, á sì máa ṣépè fún koríko lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dàgbà tó kọ́lé, ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣe ni pé kó fi ọkọ́ ha àyíká rẹ̀ títí ilẹ̀ pupa fi yọ, tàbí kó da sìmẹ́ǹtì bo gbogbo rẹ̀. Ó ní ìmọ́tótó ni. Ẹ̀yin tó mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n wá, ẹ mọ ibi tí ilẹ̀ tí a ha bẹ́ẹ̀ ń lọ. Àgbàrá á gbé e lọ. Pápá bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn kíláàsì náà, ẹnu gòólù ti pá, àárín ti di yangí, bí ọmọ bá ṣubú níbẹ̀, orúnkún rẹ̀ ló ń fi sanwó. Ohun tí a sọ di ìyà fún ọmọ, báwo la ṣe fẹ́ kó di iyì fún un lọ́la?

Èkó ní tirẹ̀ ní pápá eré ẹṣin rí. Ọba Dòsùnmú ló yọ̀ǹda ilẹ̀ náà ní 1859. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ àsíá òyìnbó kalẹ̀ tí wọ́n sì ta ti Nàìjíríà sókè ní October 1, 1960. Ní 1972, ibẹ̀ di Tafawa Balewa Square. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá lónìí á rí ẹṣin funfun mẹ́rin ràgàjì lókè ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú idì pupa méje. Iṣẹ́ ọnà tó gbayì ni, ìlú sì ń lo ibẹ̀ fún ohun púpọ̀. Àmọ́ ère ẹṣin kò nílò koríko, kò nílò ẹni tí yóò tún ilẹ̀ ṣe lẹ́yìn eré. Ó rọrùn láti gbé ère ohun tó tayọ sókè. Kí á máa bomi rin ìdí rẹ̀ lójoojúmọ́ ni kò rọrùn. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń fi yangàn lórílẹ̀-èdè yìí ti di ère lọ́nà bẹ́ẹ̀: orúkọ wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí nǹkan tó ń hù nínú.

Àwa ará Èkìtì ní láti gbọ́ èyí ju ẹlòmíràn lọ. À ń pe ilẹ̀ wa ní ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ. Aràmọ̀kọ, ìlú Alárá, àti Ìjerò, ìlú Ajerò, wà níbí, tí Ifá kì í sọ̀rọ̀ jìnnà kó má dárúkọ wọn. A fẹ́ràn láti máa ka àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa, bóyá ni ìdílé kan wà tí kò ní ọ̀kan tó lè tọ́ka sí. Ẹṣin iwájú ni wọ́n, ẹ jẹ́ ká máa yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n tẹ̀ kọjá? Tíṣà kan wà ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjerò tó kọ́ wọn ní a, b, d, tí owó oṣù rẹ̀ pẹ́, tí ọmọ tirẹ̀ náà wà nílé. Màmá kan wà tó ta ìkòkò amọ̀ tàbí èlùbọ́ lọ́jọ́ ọjà, tó ná gbogbo èrè sí owó ìwé. Wọ́n tẹ̀ wọ́n, wọ́n yọ padà. Wọ́n tún tẹ̀ wọ́n, wọ́n tún yọ. Àwọn ni wọ́n ta gbòǹgbò ní oríkèé oríkèé. Tíṣà rere kọ́ ọmọ kan tó di tíṣà, ìyẹn náà kọ́ ẹlòmíràn, ilẹ̀ sì dì pọ̀. Bí a bá wá fi àwọn wọ̀nyí sílẹ̀ láìsinmi, láìtọ́jú, tí à ń wá ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn, eré là ń fẹ́ láìní ilẹ̀.

Nítorí náà, bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá fẹ́ ní pápá gidi, kò dìgbà tí wọ́n bá kọ̀wé sí òkè òkun. Kí wọ́n yan ibi tí oòrùn ti ń ràn, kí wọ́n tú ilẹ̀ tó ti ki, kí wọ́n la ojú àgbàrá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fìdí múlẹ̀, kí wọ́n lọ gé Bermuda létí títì, kí wọ́n tì í bọlẹ̀ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ sí ara wọn, kí wọ́n má jẹ́ kí ẹsẹ̀ débẹ̀ títí yóò fi dì. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa sún òpó gòólù kiri. Kí tíṣà sì fún ọmọ tó ṣe dáadáa jù ní kíláàsì ní ẹ̀ka koríko láti gbìn, kó tó fún ẹni tó pẹ́ dé ní pọ́ṣọ̀n. Ẹni tí ẹ bá fẹ́ fi ṣe ọ̀gá, ẹni tí ẹ bá fẹ́ fi ṣe ọkọ tàbí aya, ẹni tí ẹ bá fẹ́ dìbò fún, ojú kan náà ni kí ẹ fi wò ó. Ẹ má ṣe yìn ín lóṣù òjò. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn kan gba orí rẹ̀ kọjá ná.